Ẹbí Àlùkérésé ní Erékùṣù Kúbà: Ti Igbó àti Ti Oko

Ẹbí àlùkérésé, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Convolvulaceae, ní nǹkan bí 60 ìdílé àti ẹ̀yà tó tó 1,900 káàkiri ayé. Ilẹ̀ olóoru ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Ìdílé Ipomoea ló tóbi jù láàárín wọn; inú rẹ̀ ni àlùkérésé ilẹ̀ Yorùbá àti ọ̀dùnkún, tí àwọn mìíràn ń pè ní ànàmọ́ tàbí kúkúǹdùnkún, jọ wà. Iṣẹ́ àgbéyẹ̀wò ńlá tí John Wood àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2020 ka ẹ̀yà Ipomoea 425 ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù rẹ̀ nìkan.

Kúbà ni erékùṣù tó tóbi jù nínú òkun Karíbíánì. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 110,000 kìlómítà níbùú lóròó, ó sì ní nǹkan bí 7,000 ẹ̀yà ewéko, tí ìdajì wọn kò sí níbòmíràn láyé. Etíkun oníyanrìn, àbàtà, pápá, òkè olókùúta ẹfun àti ilẹ̀ pupa oníirin ló kún ibẹ̀. Nínú gbogbo wọn ni àwọn ọmọ ẹbí àlùkérésé ti rí ibi dìrọ̀ mọ́. Àwọn kan ń dáàbò bo yanrìn etíkun, àwọn kan ń bọ́ oyin, ọ̀kan ń bọ́ ènìyàn, àwọn kan jẹ́ ọ̀ṣọ́ ọgbà, àwọn kan sì jẹ́ èpò tàbí àfòmọ́. Àgbéyẹ̀wò yìí tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, láti inú igbó dé orí ebè. Ohun tó sì fara hàn ni pé ààlà tó wà láàárín ti igbó àti ti oko kò nípọn rárá: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan máa ń kan èkejì.

Àmì ẹbí náà

Ìtàkùn ni ọ̀pọ̀ jù nínú ẹbí yìí. Igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń lọ́ mọ́ ohun tó bá fara tì, apá kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń yí sí. Bí a bá já ewé tàbí ẹ̀ka ọ̀pọ̀ wọn, oje funfun bíi wàrà ló máa jáde. Ewé wọn sábà máa ń rí bí ọkàn, àmọ́ àwọn kan ní ìka mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje. Òdòdó ni àmì tó dájú jù. Ewé òdòdó márùn-ún lẹ̀ pọ̀ di ohun kan ṣoṣo tó rí bí àrọ. Kí ó tó là, ó máa ń wé pọ̀ bí agbòòrùn tí a ká. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń là ní ìdájí, wọ́n á sì ti rọ kí oòrùn ọ̀sán tó mú. Èso wọn gbẹ, ó kéré, hóró mẹ́rin tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èèpo hóró náà le débi pé ó lè pẹ́ nínú ilẹ̀ kí ó tó hù.

Ìbátan tó sún mọ́ ẹbí yìí jù ni ẹbí tí tòmátì, ata, ìgbá àti ànàmọ́ òyìnbó wà. Iṣu kò bá wọn tan rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàkùn lòun náà tí oúnjẹ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ilẹ̀.

Àwọn tí ń hù fúnra wọn

Etíkun ni ibi tí ẹbí yìí ti kọ́kọ́ ń pàdé ẹni tó bá gba ojú omi wọ Kúbà. Ipomoea pes-caprae ni ó tẹ́ ìtàkùn rẹ̀ sórí yanrìn gbígbóná níbẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò tó rẹ̀ díẹ̀, ewé rẹ̀ nípọn, ó sì là ní orí bí pátákò ewúrẹ́. Àwọn ará Kúbà ń pè é ní boniato de playa, ìyẹn ọ̀dùnkún etíkun. Ẹsẹ̀ ìtàkùn náà máa ń ta gbòǹgbò ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, ó sì lè gùn ju mítà mẹ́wàá lọ. Bí ìjì bá gbé yanrìn bò ó, á tún yọ jáde lókè, á sì di yanrìn tuntun náà mú. Báyìí ni òkìtì yanrìn ṣe ń ga lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ewéko mìíràn á sì wá rí ibi dúró. Hóró rẹ̀ lè léfòó lórí omi òkun fún ìgbà pípẹ́ láì kú, èyí ló jẹ́ kí ewéko kan náà wà ní etíkun gbogbo ilẹ̀ olóoru. Ó wà ní etíkun Èkó àti Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti ń jẹ́ gbọ̀rọ̀ ayaba. Ipomoea imperati, olódòdó funfun, àti Ipomoea violacea, tí òdòdó funfun tirẹ̀ ń là lóru, jọ ń gbé etíkun náà.

Nínú pápá, lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ọgbà oko, ẹ̀yà pọ̀ ju èyí tí a lè kà tán. Ipomoea triloba olódòdó kékeré, Ipomoea indica aláwọ̀ aró àti Ipomoea tiliacea olódòdó àlùkò wà lára àwọn tó wọ́pọ̀. Merremia umbellata, tí wọ́n ń pè ní aguinaldo amarillo, ń yọ òdòdó pupa-rúsúrúsú lọ́pọ̀ yanturu. Ipomoea alba tirẹ̀ máa ń dúró di ìrọ̀lẹ́. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó tóbi, ó sì ń ta sánsán, tí àfòpiná ńláńlá fi ń tọ òórùn náà wá mu omi adùn inú rẹ̀. Àwọn olódòdó pupa foo, bí Ipomoea hederifolia àti Ipomoea quamoclit, ní ọ̀nà ọ̀fun tóóró. Ẹyẹ kékeré tí ìyẹ́ rẹ̀ ń kùn bí oyin, tí àwọn ará Kúbà ń pè ní zunzún, ló máa ń ki ẹnu gígùn rẹ̀ bọ̀ ọ́. Àwọ̀, òórùn àti àkókò tí òdòdó ń là ló ń pinnu ẹ̀dá tí yóò bá a gbé àtíké òdòdó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ẹ̀yà púpọ̀ fi lè gbé ojú kan láì da ara wọn rú.

Lórí òkúta ẹfun àti nínú igbó gbígbẹ ni Ipomoea microdactyla wà, ìtàkùn olódòdó pupa tí ń fi gbòǹgbò ńlá pa omi mọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀. Kò sí níbòmíràn ju Kúbà, àwọn erékùṣù Bàhámà àti gúúsù Florida lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹbí náà ló ń gùn nǹkan. Àwọn Evolvulus jẹ́ ewéko kékeré tí ń rá lórí ilẹ̀ pápá àti lórí yanrìn funfun. Jacquemontia havanensis, tí a fi orúkọ olú ìlú Havana pè, ń hù nínú igbó etíkun tó gbẹ.

Cuscuta ló ṣàjèjì jù nínú wọn. Kò ní ewé tó hàn sójú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ ewé tí ewéko fi ń ti ara oòrùn ṣe oúnjẹ. Bí okùn rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn bá ti kan igi ẹlòmíràn, á wé mọ́ ọn, á ta ẹ̀mú wọ inú rẹ̀, gbòǹgbò tirẹ̀ á sì kú. Láti ìgbà náà, ara olùgbàlejò rẹ̀ ni yóò ti máa fa omi àti oúnjẹ. Àfòmọ́ gidi ni, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti igbó kékeré sì ni Cuscuta americana ti sábà máa ń bo igi mọ́lẹ̀ ní Kúbà.

Aguinaldo funfun àti oyin

Ẹ̀yà igbó tó wúlò jù fún ọrọ̀ ajé Kúbà ni Turbina corymbosa, tí àwọn onímọ̀ kan ń pè ní Ipomoea corymbosa báyìí. Orúkọ rẹ̀ láàárín ìlú ni aguinaldo blanco tàbí campanilla blanca. Ìtàkùn líle ni. Ó ń gun igi, ó ń bo ọgbà, ó sì ń gba oko tí a ti pa tì. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, pàápàá nínú oṣù Kejìlá, òdòdó rẹ̀ á bo igbó àti ẹ̀bá ọ̀nà mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì funfun báláú. Kò sẹ́ni tó ń gbìn ín, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn kò lè ṣe.

Ní ọdún 1764 ni wọ́n kó kòkòrò oyin Yúróòpù wọ Kúbà láti Florida. Ṣáájú ìgbà náà, oyin tó wà níbẹ̀ ni oyin kékeré tí kì í ta ènìyàn, Melipona beecheii, tí àwọn ará Kúbà ṣì ń sìn títí di òní. Àwọn oyin àjèjì náà rí aguinaldo nínú igbó, wọ́n sì fi ṣe orísun oúnjẹ wọn tó tóbi jù ní àkókò òtútù. Oyin tó ti inú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ kedere, ó sì dùn lọ́nà tó tutù lẹ́nu. Òun ló wà lára ohun tó jẹ́ kí oyin Kúbà lórúkọ ní ọjà Yúróòpù. Àwọn tó ń sìn oyin máa ń ṣí afárá wọn káàkiri tẹ̀lé àkókò tí ewéko kọ̀ọ̀kan ń tanná: láti inú ẹ̀gbà dúdú etíkun nígbà òjò dé orí aguinaldo ní ìparí ọdún.

Níhìn-ín ni a ti rí i bí ohun tí a ń pè ní èpò ṣe lè jẹ́ ọrọ̀. Àgbẹ̀ tó ń ṣán ọgbà rẹ̀ lóṣù Kọkànlá ń gé oúnjẹ oyin aládùúgbò rẹ̀ dànù. Ní ìdàkejì, aguinaldo tí a jọ̀wọ́ sílẹ̀ lè bo igi kéékèèké títí yóò fi pa wọ́n. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí a gé e lẹ́yìn ìgbà tó bá ti tanná tán, kì í ṣe ṣáájú.

Agbára tó wà nínú hóró

Hóró Turbina corymbosa kan náà ni àwọn Áztékì ti Mẹ́síkò ń pè ní ololiuqui, tí àwọn aláfọ̀ṣẹ wọn ń lò láti rí ìran. Richard Evans Schultes ṣe àlàyé ewéko náà yékéyéké ní 1941. Ní 1960, Albert Hofmann, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Switzerland, fi hàn pé àwọn èròjà inú hóró náà jọ èyí tí ń wà nínú fọ́ńgọ́ọ̀sì ọkà kan ní Yúróòpù, tó máa ń da orí ènìyàn rú, tó sì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu pé ewéko àti fọ́ńgọ́ọ̀sì lè ní èròjà kan náà. Ọdún 2011 ni ìdáhùn ti fìdí múlẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe Periglandula, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí ń gbé lára ewé àwọn ìtàkùn wọ̀nyí tí ó sì ń bá hóró lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Òun gan-an ló ń ṣe májèlé náà. Ewéko ń fún un ní ilé, òun sì ń lé kòkòrò àti ẹran ajẹko kúrò.

Kì í ṣe Turbina nìkan ló ní agbára báyìí. Oje inú gbòǹgbò ọ̀pọ̀ Ipomoea máa ń mú kí ènìyàn ya ìgbẹ́ gidigidi. Ipomoea carnea, igi kékeré olódòdó àlùkò tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà, ní èròjà kan tí ń ba iṣan ọpọlọ ewúrẹ́ àti màlúù jẹ́ bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Nítorí náà, kò yẹ kí hóró òdòdó ọgbà wà ní àrọ́wọ́tó ọmọdé, kò sì yẹ kí ẹran máa jẹ níbi tí carnea bá pọ̀ sí.

Ọ̀dùnkún: ọmọ ẹbí tó di oúnjẹ

Ipomoea batatas, ọ̀dùnkún, ni ọmọ ẹbí yìí kan ṣoṣo tó di oúnjẹ pàtàkì ní Kúbà, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti ń jẹ́ boniato. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Krómósómù rẹ̀ jẹ́ 90, ọ̀wọ́ mẹ́fà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ ní ọ̀wọ́ méjì péré. Ipomoea trifida ni ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Ipomoea tiliacea àti Ipomoea triloba, tí wọ́n jẹ́ èpò pápá ní Kúbà, wà nínú agbo ilé kan náà. Ìwádìí kan ní 2015 yẹ irú ọ̀dùnkún 291 wò, ó sì bá àbùdá kòkòrò àìfojúrí Agrobacterium nínú gbogbo wọn. Ìyẹn fi hàn pé àbùdá náà ti wọ inú ọ̀dùnkún fúnra rẹ̀ láti ayébáyé, kí ọwọ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan tó kàn án.

Àwọn Taíno, onílẹ̀ Kúbà, ti ń gbin ọ̀dùnkún àti ẹ̀gẹ́ sórí ebè gíga kí Christopher Columbus tó dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1492. Àkọsílẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà mẹ́nu kan gbòǹgbò jíjẹ kan tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀tàn gbà pé ọ̀dùnkún ni. Láti Karíbíánì ló ti dé Sípéènì. Àwọn oníṣòwò Pọ́túgà wá gbé e dé etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí tó fi wọ oko Yorùbá. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kó àwọn Yorùbá lẹ́rú dé Kúbà, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bá ohun tí wọ́n ti mọ̀ nílé níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn, tí a ń pè ní Lukumí, ń kó iṣu, ọ̀dùnkún àti àwọn oúnjẹ abẹ́ ilẹ̀ mìíràn fún Òrìṣà Oko. Ìwé El Monte tí Lydia Cabrera tẹ̀ jáde ní Havana ní 1954 sì to orúkọ Lukumí àti ìlò ewéko púpọ̀ jọ, boniato pẹ̀lú.

Boniato tí àwọn ará Kúbà fẹ́ràn jù ní èèpo pupa àti inú funfun tàbí aláwọ̀ wàrà. Kò dùn tó èyí tí inú rẹ̀ rí bí ọsàn, àmọ́ ó gbẹ, ó sì ń rọ bí èkuru. Wọ́n ń sè é, wọ́n ń dín in, wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀ ajiaco pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, kókò àti àgbàdo. Wọ́n tún ń gún un pẹ̀lú ṣúgà láti fi ṣe boniatillo. Ìtàkùn rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù. Oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló ń lò kí ó tó tó wà, ìlẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì ń rá. Bí ìjì líle bá wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀, ọ̀dùnkún sábà máa ń ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ọ̀kan lára ohun àkọ́kọ́ tí àgbẹ̀ ń gbìn lẹ́yìn ìjì. Ilé iṣẹ́ ìwádìí INIVIT ní Santo Domingo, ní ẹkùn Villa Clara, ló ń tọ́jú irú ọ̀dùnkún orílẹ̀-èdè náà tó sì ń mú irú tuntun jáde. CEMSA 78-354 wà lára irú tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ jù.

Ọ̀tá ọ̀dùnkún tó burú jù ni Cylas formicarius, tí àwọn ará Kúbà ń pè ní tetuán. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó jọ èèrà, àyà rẹ̀ pupa, ikùn rẹ̀ dúdú bí aró. Abo rẹ̀ máa ń yé ẹyin sí ìdí ìtàkùn àti sára ọ̀dùnkún tí ilẹ̀ tó sán bá jẹ́ kó dé. Ìdin rẹ̀ á gbẹ́ ihò káàkiri inú rẹ̀, ọ̀dùnkún náà á sì di kíkorò débi pé ẹran pàápàá kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Nígbà tí ìjọba Soviet túká ní 1991, tí oògùn òyìnbó sì wọ́n ní Kúbà, àwọn onímọ̀ àti àgbẹ̀ dojú kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Wọ́n fi òórùn tí abo kòkòrò náà fi ń pe akọ sínú pàkúté. Wọ́n fọ́n fọ́ńgọ́ọ̀sì Beauveria bassiana, tí ń pa kòkòrò, sí oko. Wọ́n tún fi èèrà ṣe ọlọ́dẹ: wọ́n á gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ohun dídùn ra á, wọ́n á gbé e sí ibi tí èèrà Pheidole megacephala pọ̀ sí; bí èèrà bá ti wọ inú rẹ̀ tán, wọ́n á kó o lọ sí oko ọ̀dùnkún. Ibẹ̀ ni àwọn èèrà náà á ti máa jẹ ẹyin àti ìdin tetuán. Pẹ̀lú ẹ̀ka tó mọ́ fún gbígbìn, kíkó ilẹ̀ bo ìdí ebè, pípààrọ̀ ohun ọ̀gbìn àti wíwà lásìkò, ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ débi pé ó di àpẹẹrẹ tí ìwé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ lókè òkun ń tọ́ka sí.

Níhìn-ín pẹ̀lú, igbó àti oko pàdé. Àwọn Ipomoea igbó ni ilé tí tetuán ń sá sí nígbà tí kò sí ọ̀dùnkún lóko. Nítorí náà àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ mú wọn kúrò létí oko rẹ̀. Àwọn kan náà nínú wọn sì ni ìbátan ọ̀dùnkún, tí ó ṣeé ṣe kí agbára láti fara da àrùn, ọ̀gbẹlẹ̀ tàbí iyọ̀ wà nínú àbùdá wọn. Etí oko nìkan ni ó yẹ kí a ti tu wọ́n, kì í ṣe ibi gbogbo.

Ti ọ̀ṣọ́ àti ti àlejò

Àwọn ará Kúbà ń gbin ọ̀pọ̀ ọmọ ẹbí yìí fún ẹwà. Ipomoea nil, Ipomoea purpurea àti Ipomoea tricolor aláwọ̀ ojú ọ̀run ń gun ọgbà àti fèrèsé. Merremia tuberosa, tí òdòdó rẹ̀ rí bí wúrà, lókìkí nítorí èso rẹ̀: bí ó bá gbẹ, ìbòrí rẹ̀ á le bí igi, á sì là bí òdòdó tí a gbẹ́, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé. Argyreia nervosa, tí abẹ́ ewé rẹ̀ funfun bí òwú, wá láti Éṣíà. Ẹwà irú àwọn ìtàkùn ńlá báyìí ní ewu nínú. Bí wọ́n bá bọ́ kúrò nínú ọgbà wọ igbó, wọ́n lè gun orí igi títí tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní dé abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gbìn wọ́n gbọ́dọ̀ máa gé wọn, kó sì kó èso wọn kí hóró tó bọ́ sílẹ̀.

Ìmọ̀ àti ìtọ́jú

Ìmọ̀ nípa ẹbí yìí ní Kúbà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Charles Wright, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣa ewéko káàkiri erékùṣù náà láti 1856 dé 1867, August Grisebach sì ṣàpèjúwe púpọ̀ nínú wọn ní Jámánì. Juan Tomás Roig kó orúkọ ìbílẹ̀ ewéko Kúbà jọ sínú ìwé atúmọ̀ kan ní 1928, ìwé tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti oníṣègùn. Hermano León àti Hermano Alain wá ṣe ìwé Flora de Cuba, tí ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1946. Ọgbà ewéko Cienfuegos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, àti ọgbà ewéko orílẹ̀-èdè ní Havana ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ní 2016, àwọn onímọ̀ Kúbà gbé àkójọ àwọn ewéko tó wà nínú ewu jáde.

Ewu tó dojú kọ ẹbí náà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní etíkun, ilé ìtura àti igi àjèjì ti gba ibi tí boniato de playa ń hù, yanrìn sì ń bá omi lọ. Òfin etíkun tí Kúbà ṣe ní ọdún 2000 àti ètò Tarea Vida ti 2017, tó dá lórí ìyípadà ojú ọjọ́, jẹ́ kí wíwó ilé orí yanrìn àti dídá ewéko ìbílẹ̀ padà síbẹ̀ di iṣẹ́ ìjọba. Nínú igbó òkè ẹfun, iná àti gígé igi ló ń lé àwọn ẹ̀yà tí kò sí níbòmíràn. Nínú oko, bí irú ọ̀dùnkún kan tí ń so púpọ̀ bá ti gba ojú gbogbo àgbẹ̀, irú àtijọ́ á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ilé ìtọ́jú irú ọ̀gbìn INIVIT ló ń dènà ìyẹn.

Ìtọ́jú ẹbí yìí kò lè jẹ́ ti ẹnìkan. Ẹni tó ń tọ́jú etíkun nílò ìtàkùn tó ń rá lórí yanrìn, ẹni tó ń sìn oyin nílò aguinaldo tí kò sẹ́ni tó gbìn ín, àgbẹ̀ nílò etí oko tó mọ́, ẹni tó ń mú irú tuntun jáde sì nílò àwọn ìbátan tí àgbẹ̀ náà ń tu dànù. Gbogbo wọn ń lo ẹbí kan náà. Ètò tó bá tò ó sọ́tọ̀ pé ti igbó nìyí, ti oko nìyí, láì fi èkejì pè, yóò fi ọwọ́ kan ba ohun tó ń fi ọwọ́ kejì tọ́jú jẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí a mọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí a mọ ibi tó wúlò sí àti ìgbà tó wúlò, kí a sì tò wọ́n sípò: ìtàkùn yanrìn létíkun, aguinaldo lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ilẹ̀ tí a pa tì, ìbátan ọ̀dùnkún nínú igbó tí òfin ń dáàbò bò àti nínú ilé ìtọ́jú irú ọ̀gbìn, ọ̀dùnkún fúnra rẹ̀ lórí ebè tó mọ́.